Àwọn Tí Ojú Kankan Kò Rí ní Àfonífojì Àìmọye

Ẹni tó bá fẹ́ dìde lọ mu omi, kó tètè lọ báyìí, kó sì tètè padà, nítorí bí mo bá ti wọ inú ìtàn yìí, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀yìn mi kọjá. Láti ọjọ́ tí mo ti bọ́ nínú àfonífojì yẹn, bí ènìyàn bá gba ẹ̀yìn mi kọjá láìfọhùn, àyà mi a là gàrà, ọwọ́ mi a sì máa wá àdá kiri. Àwọn ará ilé mi ti mọ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń wúkọ́ kí wọ́n tó wọlé tọ̀ mí wá. Bẹ́ẹ̀, èmi náà ni Ọdẹ́yalé ọmọ Ọdẹ́gbèjà, ará Òkè-Ìdàgbá, ẹni tó dúró de ẹfọ̀n tó ń bọ̀ tìbínú-tìbínú, tí kò yìnbọn fún un àfìgbà tí èémí rẹ̀ gbóná sí i lójú. Ẹ wo ọwọ́ òsì mi yìí. Ìka mẹ́rin ló kù níbẹ̀. Ìbọn ló já ẹ̀karùn-ún dànù lọ́dún tí mo pa erin kan ṣoṣo tí mo pa láyé mi, mẹ́rin tó kù ni mo sì fi kun ún. Ẹ má gbàgbé ọwọ́ yìí, a óò tún bá a pàdé níwájú. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, nítorí nínú ìrìn-àjò ọjọ́ kan tí mo fẹ́ ròyìn yìí, ìbẹ̀rù ló bá mi jáde nílé, òun náà ló sì ń tì mí lẹ́yìn dé ibi tí mo dé.

Ìgbà òjò ni, lásìkò tí ìgbín ń jáde. Ẹ mọ bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń ṣa ìgbín: kálukú ló ń dá lọ, kálukú ló sì ń fi ibi tó ti ń rí i pamọ́ fún ẹlòmíràn. Ìyàwó kì í tilẹ̀ sọ fún ọkọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, àwọn ènìyàn rọ́ lọ sí àfonífojì tó wà lódìkejì odò wa. Wọ́n gba oríṣiríṣi ọ̀nà, wọn kò sì dágbére fún ẹnikẹ́ni. Bí oòrùn ṣe ń yọ ni kùrukùru funfun kan dìde láti ìsàlẹ̀ àfonífojì náà, ó bo òkúta, ó bo igi, ó bo gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Igbe ta lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́ẹ̀kan náà ló sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju igbe lọ.

Nígbà tó yá, ohùn kan ti inú kùrukùru náà jáde. Ohùn náà kò le, ó rọra ń jáde bí ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kò dé nílùú. Ó ní, “Ẹ̀yin ará Òkè-Ìdàgbá, èmi Àìmọye ni mo kó àwọn ènìyàn yín. Bí oòrùn bá kan àtàrí lọ́tùn-únla, kí ẹnìkan wá sọ iye wọn fún mi. Iye tó bá sọ ni n óò tú sílẹ̀. Bí iye tó sọ kò bá pé, àwọn tó ṣẹ́kù di tèmi títí ayé. Bó bá sì jù, n óò wá mú àfikún náà láàárín yín, láti ilé ẹni tó sọ̀rọ̀ ni n óò sì ti bẹ̀rẹ̀.”

Ẹ lè rò pé ohun tó béèrè kò le. Ẹ lè ní kí a ṣáà máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, kí a ka àwọn tó wà nílé, kí a fi wọ́n wé iye tí a jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ha! Ta ló mọ iye tí a jẹ́ tẹ́lẹ̀? Ní Òkè-Ìdàgbá, èèwọ̀ ni kí a ka ènìyàn. Bí o bá bi abiyamọ léèrè iye ọmọ tó bí, yóò ní Ọlọ́run kò ṣàìfún òun ní díẹ̀, yóò sì bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Àwọn bàbá wa gbà pé bí a bá ń ka ọmọ sókè, ikú wà nítòsí tó ń bá wa kà á. Yàtọ̀ sí èyí, ọjọ́ ọjà ni àná ọjọ́ náà. Àwọn àlejò sùn sílé onílé, àwọn alágbàṣe sùn sí ahéré, a kò mọ ẹni tó ti padà sílùú rẹ̀, a kò sì mọ ẹni tó bá àwọn tiwa lọ ṣa ìgbín. Àìmọye mọ gbogbo èyí dájú kó tó béèrè ohun tó béèrè.

Ní tèmi, ọ̀kan ni mo ń wá. Fẹ́yíṣetán, àkọ́bí mi, kò sí nílé. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe kà wọ́n? Mo ti kúrò nínú àwọn tó ń pa èèwọ̀ yẹn mọ́. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ni igbó wù. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń tẹ ewé gbígbẹ tí kò ní fọhùn, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń kọjá lẹ́bàá ènìyàn tí onítọ̀hún kò ní mọ̀. Mo máa ń fi í yangàn láàárín àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi pé ọmọbìnrin mi lè gba àárín agboolé kọjá kí ajá má gbó. Ní ọjọ́ tó ṣáájú kùrukùru náà, a jà. Ó ní òun fẹ́ kí n fún òun ní ìbọn, mo ní obìnrin kì í gbé ìbọn nínú ilé mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹní rẹ̀ ti tutù. Mo bi gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó rí i. Ó lè jẹ́ inú kùrukùru ló wà. Ó lè jẹ́ odò ló gbé e. Ó sì lè jẹ́ pé ìbínú ló bá lọ sí ìlú àwọn ìyá rẹ̀. Abíọ́nà ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sunkún, ó kàn ń wò mí. Ojú tó fi ń wò mí yẹn wà lára ohun tó lé mi wọgbó.

Ènìyàn mẹ́ta péré nílùú ló rí lára àwọn tó lọ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Èkíní ni Ìyá Àgbà Ẹfúnyẹlá, tó ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé rẹ̀ ní ìpẹ̀kun ìlú. Èkejì ni Ògúndíjọ ẹlẹ́mu, tó wà lórí ọ̀pẹ ní òkè odò. Ẹ̀kẹta ni Mórádéyọ̀, ìyàwó àbúrò mi, tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó wọlé wa, tó ń fọṣọ ní ìsàlẹ̀ odò. Kálukú wọn jókòó síbi tirẹ̀, ojú èyí kò tó ibi tí ojú tọ̀hún tó. Mo ní kí wọ́n dárúkọ àwọn tí wọ́n rí fún mi. Kí n má baà ka ènìyàn, mo ń ju èkùrọ́ kan sínú àpò fún orúkọ kọ̀ọ̀kan tí Ìyá Àgbà dá, mo ń ju òkúta wẹ́wẹ́ fún ti ẹlẹ́mu, mo sì ń ju ìkarahun ìgbín kékeré fún ti Mórádéyọ̀. Èkùrọ́ jẹ́ mẹ́rìnlélógún, òkúta jẹ́ ogún, ìkarahun jẹ́ mẹ́rìndínlógún.

Baálẹ̀ wa yọjú wo inú àpò, ó ní, “Ọdẹ́yalé, kí ló tún kù? Ọgọ́ta ni. Lọ sọ fún un, kí o máa kó wọn bọ̀.”

Mo ní, “Kí ẹ̀mí yín gùn, Baálẹ̀. Ẹni tí Ìyá Àgbà rí lójú ọ̀nà, ṣé ẹlẹ́mu kò lè rí òun náà láti orí ọ̀pẹ? Ẹnìkan ṣoṣo lẹ ti sọ di méjì yẹn.”

“Ó dáa, so àwọn tó jẹ́ ẹnìkan náà pọ̀, kí o sọ iye tó bá kù.”

“Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò rí ńkọ́, Baálẹ̀?”

Ó mọ ẹni tí mo ní lọ́kàn. Ó wá rọra ní, “Ọmọ mi, ta ló lè ka ohun tí ojú kò rí?”

Mo fẹ́ sọ pé mo mọ ẹnìkan tó ń kà á. Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Bàbá mi kì í pa ẹyẹ inú pápá tán. Lọ́dọọdún, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa àparò, ó máa ń fẹ́ mọ iye tó wà níbẹ̀, kó lè mọ iye tó yẹ kó mú. Yóò dẹ okùn, yóò mú ogún láàyè, yóò so òwú pupa mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, yóò sì tú wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, yóò tún lọ dẹ okùn níbòmíràn nínú pápá yẹn kan náà. Bí ìdajì àwọn tó mú lẹ́ẹ̀kejì bá ní òwú lẹ́sẹ̀, yóò ní, “Ọdẹ́yalé, ìdajì gbogbo àparò pápá yìí ni mo so òwú mọ́. Ogún ni mo so. Nítorí náà, ogójì ni wọ́n.” Bí ó bá ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin ló ní òwú, yóò ní ọgọ́rin ni wọ́n. Báyìí ni bàbá mi ṣe ń ka ẹyẹ tí kò fojú kàn rí, mo sì bá a ṣe é títí mo fi gbọ́n.

Mo jókòó sábẹ́ igi iṣin ẹ̀yìn ilé mi, mo sọ ojú Ìyá Àgbà di òwú pupa. Ẹni tó bá rí, òwú ti wà lẹ́sẹ̀ onítọ̀hún. Ìyá Àgbà ń fi oríkì pe gbogbo wọn, ìyẹn kò sì yọ mí lẹ́nu, nítorí mo mọ oríkì gbogbo ọmọ agboolé wa. Mo wo ogún tí ẹlẹ́mu rí. Mẹ́wàá nínú wọn ni Ìyá Àgbà ti dárúkọ. Ìdajì! Nítorí náà, ojú Ìyá Àgbà mú ìdajì àwọn tó lọ, mẹ́rìnlélógún rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì gbogbo wọn. Méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n. Inú mi dùn díẹ̀. Mo wá ní kí n fi ti Mórádéyọ̀ dán an wò, kó lè dá mi lójú. Àwọn orúkọ tí ìyàwó yẹn dá kò yé mi. Nínú mẹ́rìndínlógún, méjì péré ni mo mọ̀, àwọn méjèèjì sì wà lẹ́nu Ìyá Àgbà. Àwọn mẹ́rìnlá yòókù, mo gbà pé àlejò ọjà ni wọ́n. Méjì nínú mẹ́rìndínlógún, ìdá kan nínú mẹ́jọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ ni Ìyá Àgbà rí, a jẹ́ pé gbogbo wọn jẹ́ igba ó dín mẹ́jọ. Ẹ gbọ́ mi yé! Ẹlẹ́mu ní méjìdínláàádọ́ta, ìyàwó ní igba ó dín mẹ́jọ. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni yóò pa ilé mi run, n kò sì mọ èyí tó jẹ́. Ọ̀tùn-únla pé, mo gbé àpò kọ́rùn láìní ìdáhùn, mo sì sọdá odò.

Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹyẹ tó ń ké. Mo rí ipasẹ̀ àwọn ènìyàn wa lórí ẹrẹ̀, gbogbo wọn dojú kọ ìsàlẹ̀, kò sí ọ̀kan tó ń bọ̀ lókè. Ní ẹnu àbáwọlé àfonífojì náà, obìnrin kan jókòó sórí kùkùté igi. Kò ní ojú lójú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ojú rẹ̀ wà, bó bá fẹ́ ṣẹ́jú, ó ń pa ọwọ́ dé. Fìlà àwọn ọdẹ tó ti wá síbẹ̀ ṣáájú mi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní tòtòtò. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn. Jìnnìjìnnì bò mí.

Ó na àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sí mi, ó ní, “Ẹ̀yin mélòó lẹ wá?”

Mo fẹ́ sọ pé ọ̀kan, ni mo bá rí i pé ìka rẹ̀ ti ń ká bọ̀ láti dì mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo gbé e mì. Mo ní, “Èmi àti ìbẹ̀rù mi ni, ìyá.”

Ó dá ọwọ́ dúró. Ó ní, “Èwo ló ṣáájú nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

“Òun ló ṣáájú. Èmi ń tẹ̀ lé e ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo kùkùté tó jókòó lé sì ń mì. Ó ní, “Àwọn tó ni fìlà wọ̀nyí, ọ̀kan ni wọ́n pe ara wọn. Ó dáa, ẹ̀yin méjì, ẹ máa lọ. Ọ̀kan nínú yín ni yóò padà.”

N kò dúró bi í léèrè èwo. Mo sọ̀ kalẹ̀. Igi pọ̀ sí i, kùrukùru sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ mi lẹ́sẹ̀. Láti orí àwọn ẹ̀ka ni àwọn nǹkan kéékèèké kan rọ̀ dirodiro bí ọ̀gẹ́dẹ̀, wọ́n ní ẹnu, wọn kò ní nǹkan mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ etí mi gan-an ni ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, “Ení.” Èkejì gbà á, “Èjì.” Ẹ̀kẹta ní, “Ẹ̀ta.” Ìka ọwọ́ mi ni wọ́n ń kà, mo sì rí i pé ìka tí wọ́n bá ti kà ti ń kú, n kò lè fi di ìbọn mú mọ́. Mo sáré, wọ́n ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, wọ́n ń kà lọ. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀sán-án, gbogbo wọn la ẹnu láti pe ẹ̀wá, kí wọ́n sì mú odindi mi. Ẹ̀wá kò sí! Wọ́n wá a tì. Ọ̀kan ní èkejì ló fo ọ̀kan, èkejì ní irọ́ ni. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ení, wọ́n tún kùnà. Ni wọ́n bá dojú ìjà kọ ara wọn, wọ́n ń bu ara wọn jẹ, ìka mi sì jí. Mo fẹnu ko ibi tí ìka mi ti gé, mo ń sáré, mo ń sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sunkún, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni Àìmọye jókòó sí. Ó ga ju ilé alájà lọ. Ọwọ́ ló kún gbogbo ara rẹ̀: ọwọ́ ń hù léjìká, ó ń hù lẹ́yìn, ó ń hù lórúnkún, kò sì sí ẹni tó lè mọ iye ìka tó wà lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ nìkan ló kéré, ojú ọmọ ọdún méjì ni, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kùrukùru dúró sí bí aṣọ ìkélé, òjìji àwọn ènìyàn ń rìn nínú rẹ̀, n kò sì dá ẹnìkankan mọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ láìpinnu.

Ó ní, “Ọdẹ, oòrùn ti dé. Sọ iye wọn.”

Mo ní, “Bàbá, ẹni tó ń ka ohun tí kò rí kò lè sọ ọ́ gẹ́lẹ́ láìṣì. Ẹ ṣàánú mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Bí mo bá fi iye ìka ọwọ́ kan jù, tàbí tí mo fi iye ìka ọwọ́ kan dín, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé mo gbà á.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìka ọwọ́ ta ni? Ṣé tèmi ni?” Ó na àìmọye ọwọ́ sókè. “Rárá o. Tìrẹ ni. Èyí tí o nà sí mi yẹn gan-an.” Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi di àpò mú, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọwọ́ òsì ni mo nà. Ìka mẹ́rin.

“Mẹ́rin,” ló wí. “Mo fara mọ́ ọn. Sọ.”

Mo la ẹnu, méjìdínláàádọ́ta ń fà mí síhìn-ín, igba ó dín mẹ́jọ ń fà mí sọ́hùn-ún. Àìmọye rí i pé mo ń gbọ̀n, ó sì fẹ́ fi mí ṣeré. Ó tẹ̀ síwájú, ó ní, “Bí o bá kú síbí ńkọ́, ọdẹ? Ta ni yóò wá béèrè rẹ, orúkọ wo ni yóò sì pè?”

Ẹ̀rù ló mú kí n rò ó dáadáa. Mo rí wọn bí wọ́n ṣe ń béèrè mi. Baálẹ̀ yóò ní Ọdẹ́yalé dà? Ìyá Àgbà yóò fi oríkì mi pè mí, yóò ní Àjàgbé dà? Mórádéyọ̀ yóò ní… Mo dá dúró. Mórádéyọ̀ kò pe Ọdẹ́yalé rí láti ọjọ́ tó ti wọlé wa. Kò gbọdọ̀. Ìyàwó ilé ni, kì í dárúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. “Onífìlà-Awọ” lorúkọ tó fún mi. Bí mo bá sọnù, tí wọ́n bi í léèrè ẹni tó rí, yóò ní òun rí Onífìlà-Awọ, ọ̀dẹ̀ kan yóò sì ju ìkarahun sínú àpò, yóò ní àlejò ọjà ni. Ọ̀dẹ̀ náà, èmi ni.

Mo da àpò sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìkarahun náà. Ìbàdíàrán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ẹni tí ìdí rẹ̀ máa ń jó bó bá ń rìn, Àṣàbí ni Ìyá Àgbà pè é. Agùntáṣọ́ọ̀lò, Ògúntóyè tó ga ni, Ìyá Àgbà ní Àkànjí. Eyínfúnjowó, ta tún ni kò bá ṣe Ṣijúwadé tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń di ọmọ ilé wa lójú mi. Nígbà tí mo tò wọ́n tán, mẹ́fà nínú wọn ló wà lára àwọn tí Ìyá Àgbà ti dárúkọ. Mẹ́fà àti méjì tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, mẹ́jọ nínú mẹ́rìndínlógún. Ìdajì! Ẹlẹ́mu ní ìdajì, ìyàwó ní ìdajì, àwọn méjèèjì kò sì rí ara wọn lọ́jọ́ náà. Mo so èkùrọ́, òkúta àti ìkarahun tó jẹ́ ti ẹnìkan náà pọ̀ nínú ewé. Ìdì ewé méjìdínlógójì ló wà nílẹ̀.

Àìmọye ń wò mí, ohùn rẹ̀ sì tún rọ̀. “Méjìdínlógójì nìyẹn. O mọ orúkọ wọn. Sọ ọ́, kí o kó wọn lọ sílé. Kí lo tún ń wá?”

“Mẹ́wàá mìíràn tún wà níbẹ̀, bàbá.”

“Dárúkọ ẹnìkan nínú wọn.”

N kò lè dá a.

“Ta ló rí wọn?”

“Kò sẹ́ni.”

“O ní ọmọ méjì nílé, ọdẹ. Mo ń gbọ́ ohùn wọn láti ibí. Ìwọ yóò fi wọ́n sílẹ̀ fún mi nítorí àwọn tí kò lórúkọ?”

Ẹ má bi mí bó ṣe rí nínú mi. Ó dà bíi kí n sọ méjìdínlógójì, kí n máa sá lọ. Fẹ́yíṣetán lè má sí níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n mo rántí òwú pupa bàbá mi, mo rántí pé kò sí ọdún kan tí pápá náà já a kulẹ̀. Mo ní, “Méjìdínláàádọ́ta.” Mo sọ ọ́ tán, mo sì tọ̀ sára.

Kùrukùru là. Àwọn ènìyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pẹ̀lú agbọ̀n ìgbín lórí, wọ́n ń wò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Bí ọ̀kan bá ti kọjá, mo ń ju ìdì kan nù. Gbogbo ìdì tán, méjìdínlógójì pé. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: méjìdínláàádọ́ta ni mo sọ, mẹ́rin ni mo lè fi ṣì í, nítorí náà, mẹ́fà mìíràn kò gbọdọ̀ ṣàìjáde. Mo dojú kọ kùrukùru. Arúgbó alágbe kan jáde, mo ká àtàńpàkò ọ̀tún. Alágbàṣe méjì tí n kò mọ ìlú wọn tẹ̀ lé e. Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í kí mọ́, jáde. Odi kan tó ń gbé ẹ̀yìn ọjà jáde. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti ká tán, márùn-ún. Mo gbé ọwọ́ òsì sókè, mo ń dúró de ẹ̀kẹfà.

Kò sẹ́ni tó jáde. Mo dúró, mo dúró. Kùrukùru ń tú ká díẹ̀díẹ̀, mo ń rí òkúta lẹ́yìn rẹ̀, mo ń rí igi, n kò rí ènìyàn. Àìmọye mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́ kan lọ sókè àfonífojì, ọwọ́ náà gùn kọjá odò, ó dojú kọ ilé mi. Mo gbọ́ tí ajá mi nílé pariwo. Mo ní ó tán, mo ti pa ọmọ mi, mo sì ti pa àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì.

Ni ẹnìkan bá fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn. Àyà mi là gàrà, mo fò sókè.

“Bàbá, èmi ni.”

Fẹ́yíṣetán ni. Ó ti jáde. Ó ti wà lẹ́yìn mi tipẹ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kùrukùru jáde láàárín àwọn yòókù, ó tẹ ilẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, èmi tí mo ń kà wọ́n kò sì rí i kọjá. Mo ká ìka àkọ́kọ́ ní ọwọ́ òsì. Mo kígbe, “Ẹ̀kẹfà nìyí! Ẹ̀kẹfà nìyí o!” Mẹ́rìnlélógójì. Ìka mẹ́rin ni mo fi jù, kò lé ẹyọ kan, kò dín ẹyọ kan. Àìmọye wo ọmọ mi, ó wo ọwọ́ mi, ó sì fa apá tó nà náà padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rín náà kò kúrò lójú rẹ̀, ìyẹn ni mo ṣì máa ń rí bí mo bá dijú.

Bí a ṣe ń gòkè bọ̀, obìnrin orí kùkùté bi mí léèrè èwo nínú àwa méjì ló padà. Mo ní èmi ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wò mí láti àárọ̀ bí mo ṣe ń wẹ̀yìn, ẹ lè má gbà mí gbọ́.

Nígbà tí a sọdá odò, Fẹ́yíṣetán dá mi dúró. Ó ní, “Bàbá, ta ló sọ fún yín pé òun rí mi?”

“Kò sẹ́ni.”

“Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé mo wà níbẹ̀?”

“N kò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé àwọn kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí. N kò lè fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.”

Mo bọ́ ìbọn léjìká mi, mo gbé e lé e lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló sì wà títí di òní. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa ṣe fún mi, kò sì gbàgbé rẹ̀ rí. Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ gbọ́ ẹni tó ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn? Ó ti tigbó dé.